Ṣé Sikópù Ló Bàjẹ́ ni àbí Ìbọn? Èsì fún Àbúrò Kan ní Oǹdó

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Oǹdó nípa ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù (ìbọn tó ń fi atẹ́gùn ti ọta jáde) àti sikópù (awò onígíláàsì tí wọ́n ń dè sórí ìbọn láti fi wo ohun tí wọ́n fẹ́ yìn), mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù Diana ni mo ní, èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ bárẹ̀lì ẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta sí i, ọta mílímítà 5.5 ló ń jẹ, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi pẹ̀lú ìwé ẹ̀. Oko kòkó wa ni mo ti ń fi lé ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ra sikópù 3-9x40 sí i (ó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́sàn-án), ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn bí oyin, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bà sísàlẹ̀ lápá òsì. Mo yí nọ́ọ̀bù ẹ̀ títí kò fi lọ mọ́. Báyìí tí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibi mẹ́ta ló máa bà. Mo da ọ́ìlì sí i, ṣe ló tún burú sí i. Ṣé kí n ra sikópù míì ni àbí ìbọn yìí ló ti darúgbó?"

Àbúrò, o kú iṣẹ́ oko. Má tíì ra nǹkan kan. Owó sikópù yẹn, fi sápò ná.

Ìbéèrè kan lo bi mí ṣùgbọ́n àìsàn méjì lo kà sílẹ̀, o dẹ̀ ń fi oògùn kan ṣoṣo wò wọ́n. Àkọ́kọ́, ìbọn ń yà sísàlẹ̀ lápá òsì. Èkejì, ó ń fọ́n ọta ká. Wọn ò jọra rárá o! Ìbọn tó ń yà, tó o bá yìn ín lẹ́ẹ̀márùn-ún, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa kóra jọ sí, ìdérí ìgò kóòkì kan lè bò wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó o wò. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn gidi, nọ́ọ̀bù sikópù ló wà fún un. Ìbọn tó ń fọ́n ńkọ́? Ọ̀kan lókè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan ò tiẹ̀ kan páálí. Kò sí nọ́ọ̀bù kankan láyé yìí tó lè tún ìyẹn ṣe, torí pé ibo lo fẹ́ yí i sí? O yìn, ó bọ́ sọ́tùn-ún, o yí i sósì, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sósì fúnra ẹ̀, o tún yí i padà, bẹ́ẹ̀ lo máa máa sáré tẹ̀ lé e bí ẹni ń lé òjìji ara ẹ̀ títí nọ́ọ̀bù á fi dé òpin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ gan-an nìyẹn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Fífọ́n ni ẹ̀tẹ̀, yíyà ni làpálàpá.

Torí náà ohun tá a máa kọ́kọ́ wá ni ohun tó jẹ́ kó máa fọ́n. Mo dẹ̀ máa sọ òótọ́ fún ẹ, nínú ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbé wá bá mi nílé l'Ákùúrẹ́ níbí tí wọ́n ní "sikópù ti kú", ọ̀pọ̀ ni sikópù ò ṣe nǹkan kan.

Bàbá kan gbé tiẹ̀ wá láti Ìdànrè, ọdẹ gidi ni, inú bí i débi pé kò jókòó. Sikópù kẹta tó máa rà nìyẹn. Mo gba ìbọn náà, mi ò tiẹ̀ wo sikópù, mo fi èékánná àtàǹpàkò ti síkírúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìbọn níwájú, ibi tí èèyàn máa ń fọwọ́ òsì dì mú. Èékánná lásán o, kì í ṣe sukurudíráfà. Ó yí. Bàbá wo síkírúù, wọ́n wò mí, wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n?" Mo dè é pa, mo dè ti apá kejì, mo dè èyí tó wà nídìí tírígà, a jáde sẹ́yìn ilé, márùn-ún tí wọ́n yìn ò kọjá ìbú àtàǹpàkò méjì. Sikópù tí wọ́n ti sọ nù nílé ńkọ́, ọmọ ti tú u láti fi ṣeré.

Ọ̀kadà ló ń fa èyí jù. Tó o bá gbé ìbọn sórí ọ̀kadà láti ilé dé oko lójú ọ̀nà tá a mọ̀ yìí, gbogbo síkírúù tó wà lára ẹ̀ ló ń gbọ̀n tú díẹ̀díẹ̀. Kó tó di pé o ṣe nǹkan míì, mú sukurudíráfà tó bá ojú ihò ẹ̀ mu dáadáa (èyí tó kéré jù máa jẹ ojú síkírúù ni), dè méjèèjì iwájú, dè tìdí tírígà. Dè é kó le ni o, má fi agídí fa igi ya. Lẹ́yìn náà mú álẹ̀ǹkíì kó o dè gbogbo ti sikópù, àti àwọn tó di òrùka mú sikópù, àti àwọn tó di òrùka mọ́ ìbọn. Lẹ́yìn ìyẹn, láì tíì ṣẹ́ bárẹ̀lì wálẹ̀, láìki ọta, di ara ìbọn mú kó o fọwọ́ kejì ti ẹnu bárẹ̀lì sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì kọ̀kọ̀kọ̀ níbi tó ti ń ṣẹ́, bóòtù ibẹ̀ ti tú tàbí ó ti jẹ, èyíkéyìí tó bá jẹ́, kò sí sikópù tó máa ran ìyẹn lọ́wọ́ torí sikópù wà lára ìbọn, bárẹ̀lì ló ń mì. Ojú lọ síbì kan, ẹnu lọ síbòmíì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó o dà sí i. Áà, àbúrò! Níbo lo dà á sí? Tó bá jẹ́ inú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde lẹ́yìn ọta ni, o ti sọ ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù di ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ ni pé sípírìngì ń ti písítìn síwájú pẹ̀lú ipá, atẹ́gùn inú ẹ̀ á fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á gbóná gidi gan-an, tí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀ á gbaná. O máa gbọ́ tí á dún "káù!" ju bó ṣe yẹ lọ, o máa rí èéfín lẹ́nu bárẹ̀lì, o máa gbóòórùn ọ́ìlì jíjó. Àwọn kan máa ń yọ̀ sí i, wọ́n ní ìbọn ti lágbára. Agbára wo? Ọta kan á lọ bí ìjì, èyí tó tẹ̀ lé e á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀kan á bà lókè ọ̀kan á bà nísàlẹ̀, sípírìngì ń jìyà, ìdè písítìn ń jó, sikópù ń jẹ nínú ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, mo ti rí ẹni tó da òróró tí wọ́n fi ń dín dòdò sí i, ìyẹn ò tiẹ̀ fi bò, ó ní ohun tó wà nílé nìyẹn. Má dà á mọ́. Máa yìn ín lọ, kó o máa ki ọta sí i o, má yìn ín lófìfo láé torí ọta ló ń dá atẹ́gùn dúró kí písítìn má lọ gbá irin. Bíi 30 sí 50 ọta, èéfín yẹn máa gbẹ. Tí kò bá gbẹ, ó ní láti di títú, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ orí bẹ́ǹṣì nílé o. Sípírìngì inú ẹ̀, bó tiẹ̀ ṣe wà ní sísinmi yẹn, wọ́n fún un mọ́lẹ̀ ni, ẹni tó bá tú ìdí ẹ̀ láìní ohun tó máa dì í mú, ó lè fò jáde kó gbá a láyà tàbí lójú.

Wàyí o, ọta. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọta ni ọta, pé 5.5 bá ti ni 5.5 parí. Bárẹ̀lì ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù máa ń yan oúnjẹ bí ọmọ tí ò fẹ́ jẹ ẹ̀bà. Ìbọn méjì tí wọ́n jáde nílé iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan lè fẹ́ràn ọta tó wúwo tó 14.3 grain (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta), èkejì ò ní kó wọn jọ àfi tó bá jẹ́ 15.89. Ra oríṣi méjì mẹ́ta tó o bá rí, olórí róbótó ni kó o rà, ìyẹn ló máa ń rìn dáadáa tó bá ti jìnnà, èyí tórí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó yẹn ẹwà lásán ló pọ̀ lára ẹ̀ lójú tèmi. Yìn bíi 20 kó o tó dájọ́ fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, torí bárẹ̀lì máa ń ní láti mọ òjé tuntun lára. Kó o tó kì í, yí ọta náà lórí gíláàsì fóònù ẹ. Èyí tó bá yí po lọ́ọ́rẹ́ dáa. Èyí tó bá ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n, ìdí ẹ̀ ti tẹ̀, ìyẹn ò lè lọ tààrà láéláé, òjé rọ̀, agolo tó bá sáà ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì inú ẹ̀ ti di bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó máa ń lọ ṣa ọta tó ti bà mọ́ páálí wá pé ká tún un lò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù.

Nǹkan kan wà tí mi ò ní fo, torí pé ọmọ ọdẹ ni ẹ́. Bó o ṣe ń dì í mú. Ẹni tó bá ti fi ṣakabùlà kọ́ṣẹ́, tàbí tó ń lo ìbọn olójú kan, a máa di ìbọn mọ́ra gírígírí, kó má bàa gbá a. Tó bá jẹ́ ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù sípírìngì, ìyẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ìbọn yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì kí ọta tó jáde lẹ́nu ẹ̀. Tó o bá dì í le lónìí, tó o dì í rọ̀ lọ́la, bó ṣe máa mì máa yàtọ̀, ibi tó máa bà náà á yàtọ̀. Jẹ́ kó jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ òsì ẹ tó là sílẹ̀, má fi ìka mú un, jẹ́ kó fara kan èjìká díẹ̀, kó o fa tírígà pẹ̀lẹ́. Má gbé e lé igi tàbí òkúta láìfi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ ẹ̀, ṣe ló máa ta sókè. Èmi ò kọ́ èyí nínú ìwé o, ọdún kan gbáko ni mo fi ń bú ìbọn mi kí ẹnì kan tó ní kí n tú ọwọ́ ká.

Ó dáa. Ká ní o ti ṣe gbogbo ìyẹn. Wá tú sikópù kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni, tú u kúrò pátápátá. Diana ẹ ní ojú irin tiẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán láìlo sikópù, àbí? Wá páálí ìndómì kan, fi bírò ya róbótó dúdú sí i, kó o gbé e síwájú ebè tó ga tàbí òkìtì yanrìn tí ò sẹ́ni lẹ́yìn ẹ̀, ka ìṣísẹ̀ bíi 30, ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yàádì 25, mítà 23 ni. Fi ojú irin yìn ín ní márùn-ún, má tò ó, má tún nǹkan kan ṣe láàárín. Tó bá kóra jọ lára ojú irin tó wá ń fọ́n tó o bá dá sikópù padà, a ti mú olè nìyẹn, sikópù ni tàbí òrùka tó dì í mú. Tó bá ń fọ́n lára ojú irin náà, fi sikópù sílẹ̀ jàre, padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Fi òwú bọ ẹnu bárẹ̀lì kó o yí i po, tó bá ń há, ẹnu ẹ̀ ti ha nílẹ̀ níbì kan, ìyẹn nìkan tó láti da ọta nù. Kó o sì gé tíṣù pélébé lé orí ibi tí bárẹ̀lì àti ara ìbọn ti pàdé kó o tó yìn, tí tíṣù bá fò, atẹ́gùn ń jò níbẹ̀, rọ́bà kékeré tó wà níbẹ̀ ni kó o pààrọ̀, kò wọ́n.

Ká wá sọ pé sikópù ni. Kí ló dé tó fi dáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yí padà? Ìdí tí mo fi gbà pé apá kan ọ̀rọ̀ ẹ lè jẹ́ sikópù lóòótọ́ nìyí. Ìbọn tó ń lo ẹ̀tù, ẹ̀yìn nìkan ló ń gbá sí. Ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù sípírìngì ń gbá lẹ́ẹ̀mejì: písítìn fò síwájú, ìbọn ta sẹ́yìn, písítìn dé òpin ó dúró gbàgà, ìbọn tún jù síwájú. Ìjù sí iwájú yẹn ni apànìyàn. Ọ̀pọ̀ sikópù, kódà àwọn olówó ńlá tí wọ́n ṣe fún ìbọn tó ń pa ẹranko ńlá, ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe wọ́n láti gbà, tó bá dórí ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù àwọn nǹkan kéékèèké inú ẹ̀ á tú. Ìyẹn ni ẹni tí ò mọ̀ fi ń sọ pé "ẹ wo ìbọn ọmọdé ó ba sikópù jẹ́". Tó o bá máa ra òmíràn lọ́jọ́ kan, bèèrè èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé fún airgun ni.

Gbígbá yẹn náà ló máa ń jẹ́ kí òrùka rìn sẹ́yìn lórí irin tó jókòó sí. Fi bírò fa ìlà tín-ín-rín sẹ́yìn òrùka, yìn 20, wo ìlà. Tí àyè bá ti wà láàárín wọn tàbí òrùka ti bo ìlà mọ́lẹ̀, ó ti rìn. Òrùka tó dáa máa ní irin kékeré kan nísàlẹ̀ tó máa wọ inú ihò tó wà lórí ìbọn kó má lè rìn. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa ni kò ní in, tàbí ó ní in tí ẹni tó bá wa dè é ò sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ká a sókè. Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí, ẹni tó ta sikópù fún mi ló bá mi dè é, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń yí nọ́ọ̀bù láìmọ̀ pé gbogbo sikópù ló ń lọ sí ẹ̀yìn bí ìgbín.

Báyìí, bó o ṣe máa dán sikópù fúnra ẹ̀ wò. O ní nọ́ọ̀bù ti dé òpin. Má yìn ín níbẹ̀. Inú sikópù, páìpù kékeré kan ló wà níbẹ̀, sípírìngì pẹlẹbẹ kan ló ń tì í mọ́ nọ́ọ̀bù. Tó o bá yí nọ́ọ̀bù dé òpin, sípírìngì yẹn lè má ní agbára láti tì í mọ́, páìpù á máa mì nínú ẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó, ìbọn tó dáa á sì máa fọ́n. Yí nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan láti òpin kan dé òpin kejì, kí o máa ka kílíìkì (ìró kékeré tó ń dún bó o ṣe ń yí i), ká ní ó jẹ́ 240, dá 120 padà, ó ti wà láàárín nìyẹn. Dá sikópù padà sórí ìbọn, dè é dáadáa, kó o wá yìn ín.

Tó bá kóra jọ ṣùgbọ́n tó wà nísàlẹ̀ gan-an, má tún lọ yí nọ́ọ̀bù dé òpin. A mọ ọ̀pọ̀ Diana tó ń ṣẹ́ báyìí pé bárẹ̀lì wọn máa ń dorí kodò díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Gé agolo ohun mímu, mú pélébé tó gùn tó òrùka, fi sábẹ́ sikópù nínú òrùka ẹ̀yìn, ẹ̀yìn o, kì í ṣe iwájú, ẹyọ kan lè gbé ọta sókè bí ínṣì kan ní yàádì 25. Má fi ju méjì lọ kó o má bàa tẹ páìpù sikópù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í rèé. Lórí nọ́ọ̀bù wọ́n kọ ¼, wọ́n ní kílíìkì kan jẹ́ ìdá mẹ́rin ínṣì. Ní yàádì 100 ni o! Ní yàádì 25, ìdá mẹ́rin ìyẹn ló kù, kílíìkì 16 ló máa tó ínṣì kan. Ẹni tí ìbọn ẹ̀ bà sísàlẹ̀ ní ínṣì méjì, tó yí kílíìkì mẹ́jọ, ó yìn ín, ọta gbéra ní ìdajì ínṣì péré, ó pariwo pé nọ́ọ̀bù ò ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀bù ṣiṣẹ́, 32 ló yẹ kó yí.

Nígbà tó bá ti ń kóra jọ, ṣe ìdánwò àpótí. Wo ojú kan ṣoṣo lórí páálí títí tó o fi máa parí. Yìn mẹ́ta. Yí nọ́ọ̀bù sókè ní 32, yìn mẹ́ta. Sọ́tùn-ún 32, mẹ́ta. Sísàlẹ̀ 32, mẹ́ta. Sósì 32, mẹ́ta. Ó yẹ kó ya àpótí ínṣì méjì méjì, kí mẹ́ta ìkẹyìn sì padà wá bá mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé. Tí kò bá padà sílé, tàbí tí igun kan ò sí níbẹ̀, tàbí tó o yí i tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ tó wá fò lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ọta méjì, sikópù ti kú lóòótọ́, sin ín. Ìgbà yẹn lo tó lè ná owó.

Ọ̀kan tó kù, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ ò dúró sí yàádì 25 tá a fẹ́: gbé ìbọn lé àpò yanrìn kó o má fọwọ́ kàn án, gbójú sí sikópù, kó o gbé orí ẹ sókè sódò díẹ̀. Tí àgbélébùú inú ẹ̀ bá ń rìn lórí páálí, sikópù náà wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, yàádì 100 ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò bàjẹ́, ojú ẹ ló gbọ́dọ̀ máa wà níbì kan náà ní gbogbo ìgbà. Èyí tó ní òrùka níwájú tó ṣeé yí wá sí yàádì 10 ló dáa jù fún oko.

Ìwé bàbá ẹ ńkọ́. Orúkọ wọn ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe tìẹ. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ẹ́ẹ̀gọ́ọ̀nù mọ́ ìbọn tó gba láísẹ́ǹsì, ó sì wà nípìn-ín kejì nínú àkójọ ìbọn inú òfin náà, ìpín kẹta ni ṣakabùlà wà. Lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá kó o gba tìẹ kó o tó gbé e gba ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ yìí, torí ní ibi tí wọ́n ń dá mọ́tò dúró, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbọ́ ìtàn ọ̀kẹ́rẹ́.

Tó o bá ti yìn márùn-ún ti ojú irin yẹn, ya fọ́tò páálí náà, fi ìdérí ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó, kó o fi ránṣẹ́. Má yí nǹkan kan kí n tó rí i.